Ìtàn ìdílé tọkọtaya tó ní hòtẹ́ẹ̀lì lójú títì Àjàṣẹ́-Ìpo: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÌpo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi.

Ìdílé wa fẹ́ kọ ìtàn bàbá àgbà àti ìyá àgbà wa, tí wọ́n jọ dá hòtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́bàá títì, láàárín Ìdọ̀fíàn sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọ Ìgbómìnà ni bàbá, Mùsùlùmí sì ni. Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá, ilé Onígbàgbọ́ ni wọ́n ti gbé e wá. Àwọn méjèèjì ti di olóògbé, hòtẹ́ẹ̀lì náà ti wà ní títì pa tipẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni àpótí páànù kan tó kún fún rìsíìtì, ìwé iná, fọ́tò, ìwé ilẹ̀, àti ìwé orúkọ àlejò méjì tí ikán ti jẹ etí ọ̀kan nínú wọn.

Àgbà méjì péré ló ṣì wà tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní kí ogun Bíáfúrà tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀, èkejì ní ogun ti parí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Báwo la ṣe máa tọ́jú ìwé wọ̀nyí, ọ́fíìsì wo la sì lè lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Onífọ́tòỌ̀fà

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé yẹn là. Àpótí páànù kò dára fún ìwé rárá. Lọ́sàn-án ó máa ń gbóná bí ààrò, lóru ó máa ń làágùn, omi yẹn sì máa ń kán sára ìwé. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tó bá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́ ó tún dára jù. Ẹ tẹ́ wọn sábẹ́ òrùlé. Ẹ má sá wọn sí oòrùn, torí oòrùn máa ń pa yíǹkì báírò rẹ́.

Ẹ má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ o. Bí ìwé ṣe tò nínú àpótí ń sọ̀rọ̀. Rìsíìtì tí kò ní ọjọ́ lórí, tó wà láàárín méjì tó ní ọjọ́, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìgbà tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò àpótí náà látòkè kí ẹ tó mú ìwé kìíní, kí ẹ sì máa fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà bí ẹ ṣe ń kó o.

Èyí tí ikán jẹ, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá yẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ láti àárín lọ sí etí. Tí ewé méjì bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fi èékánná ya wọ́n. Ẹ ti ike pẹlẹbẹ bọ àárín wọn díẹ̀díẹ̀, tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ yọ gbogbo pínnì àti kílíìpù onírin kúrò, torí ìpẹtà wọn ló máa ń dá ihò sí orí ìwé. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kàn án. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, á wọ inú ìwé, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Lamínéṣọ̀n náà, rárá ni. Iná tí wọ́n fi ń ṣe é àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa so mọ́ ìwé títí láé, àwọn oníwèé ilẹ̀ sì lè kọ ìwé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Àpòòwé lásán ni kí ẹ kó wọn sí, ẹ má lo náílọ́nù, torí tí òjò bá dé èéhù ló máa bò wọ́n. Ẹ di káńfọ̀ sínú aṣọ kó má baà kan ìwé. Orí ṣẹ́ẹ̀fù tó jìnnà sí ògiri ni kí ẹ gbé e sí, torí ara ògiri ni ikán máa ń gbà gòkè.

Ní ti yíyà: ẹ tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ pa iná fóònù, ẹ gbé fóònù kó dọ́gba pẹ̀lú ojú ìwé. Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí, ọ̀kan á máa ṣí ewé, èkejì á máa yà. Tí ẹ bá rí sikánà, 300 dpi tó fún ìwé, 600 dpi fún fọ́tò. Ẹ ya ẹ̀yìn fọ́tò náà, torí ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ onífọ́tò àti ìlú rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ àlúbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù ni fọ́tò wà, ẹ ya odindi ojú ewé ná, kí ẹ tó fi okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń yọ oúnjẹ láàárín eyín gé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nǹkan sẹ́yìn fọ́tò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ líle.

Orúkọ fáìlì: ọdún ní iwájú, bíi 1972-04_risiti_001, kí wọ́n lè máa tò fúnra wọn. Ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ìlú mìíràn.

ÀgbàAkọ̀wé

Onífọ́tò ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọdún.

Ẹ má bi àgbà léèrè pé "ọdún wo?" Ẹni tí kì í fi kàlẹ́ńdà gbé ayé á kàn mú ọdún kan sọ kí ó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ohun tí gbogbo ènìyàn rí lójú títì, tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́jà, ni kí ẹ fi bi í.

Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà nígbà tí ẹ ṣílẹ̀kùn, àbí ọwọ́ ọ̀tún? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí ọwọ́ títì padà. Fún ẹni tó ní hòtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá títì, kò sí ìbéèrè tó dára tó èyí, torí ọjọ́ náà ni ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ń yà sí yí padà. Tí géètì bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣí òmíràn.

Ṣé pọ́n-ùn àti ṣílè ni wọ́n fi sanwó yàrá, àbí náírà? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá.

Ṣé àwọn ará wa ti dé láti Gánà? Oṣù kọkànlá 1969 ni ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin àti káàkiri Ìgbómìnà, ọ̀pọ̀ agbo ilé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ bi wọ́n bóyá owó Gánà wà nínú owó ilé náà. Àwọn mìíràn tó ṣeé fi sàmì: owó Ùdójì (àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba) ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, FESTAC (àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú) ní ìbẹ̀rẹ̀ 1977, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ owó ní 1984.

Ìwé fúnra rẹ̀ náà máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀:

Ìwé iná tó ní ECN (iléeṣẹ́ iná ìjọba) lórí, kí ECN tó di NEPA ní 1972 ni. NEPA di PHCN ní 2005, IBEDC gbà á ní 2013. Ìwé tó ní "Ilorin Province" tàbí "Northern Nigeria" lórí ti wà kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967. "West Central State" ni wọ́n kọ́kọ́ pe Kwara, orúkọ yẹn kò pẹ́ rárá, nítorí náà ìwé tó bá gbé e kò ṣòro láti mọ ìgbà rẹ̀. Àlejò tó kọ "Ẹ̀gbẹ́, Kwara" tàbí "Kàbbà, Kwara" sínú ìwé yín sùn síbẹ̀ kí Kogí tó jáde ní oṣù kẹjọ 1991, àfi tí ó bá kàn mọ́ ọn lára. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin jáde láti ara Ìrẹ́pọ̀dùn ní 1996. Nọ́ḿbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 031 ni ti Ìlọrin nígbà waya. Èyí tó ní nọ́ḿbà mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 kò lè ṣáájú 2001.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì pẹ̀lú. Ilé ìtẹ̀wé máa ń tẹ orúkọ àti ìlú rẹ̀ síbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní, àwọn mìíràn á fi iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ àti oṣù rẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ àgbà méjì tó ń jiyàn wàyí. Ọdún ìbẹ̀rẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ẹyọ kan. Ọdún tí wọ́n gba ilẹ̀ wà, ọdún tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ọdún tí wọ́n kanlé, ọdún tí àlejò kìíní sùn. Ẹ béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má kó wọn jókòó pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Tí ẹ bá kó wọn pọ̀, àbúrò á gbà fún ẹ̀gbọ́n nítorí ọ̀wọ̀, ohun tó mọ̀ á sì ṣòfò.

Lọ́yàTáńkẹ̀

Mo fẹ́ fi ohun kan kún ti ilẹ̀, nítorí àṣìṣe yìí pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ̀wé láti Èkó tàbí Ìbàdàn á sọ fún yín pé ìwé "Certificate of Occupancy" tó ṣáájú 1978 ayédèrú ni, nítorí òfin ilẹ̀ oṣù kẹta 1978 ló mú un wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó ní ìdí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni ẹkùn Ìlọrin wà títí di 1967, òfin ilẹ̀ ti Àríwá ní 1962 sì ti ní ẹ̀tọ́ ìgbélẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú. Nítorí náà tí ìwé ilẹ̀ bàbá yín bá jẹ́ ti ọdún 1966 tàbí 1974, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ pé irọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹ̀bá títì nígbà yẹn, àdéhùn àárín ẹbí nìkan ló wà: ìwé kan, àtàǹpàkò, òǹtẹ̀ ìka àwọn ẹlẹ́rìí, bóyá òǹtẹ̀ owó ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́rìí fún bàbá sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àna rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ tó fọkàn tán, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ẹbí tí ẹ kò mọ̀ rí.

KW-GIS ní Ìlọrin ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ mú lọ, kí ojúlówó wà nílé. Orúkọ ẹni tí wọ́n kọ ilẹ̀ fún, nọ́ḿbà fáìlì tó bá wà, àti ibi tí ilẹ̀ wà ni wọ́n máa fi wá a.

Tí hòtẹ́ẹ̀lì bá ní lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì, ẹ wò ó bóyá BN tàbí RC wà níwájú nọ́ḿbà. BN ni orúkọ òwò lásán, RC ni kọ́ńpìnnì. CAC (àjọ tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀) kò tíì sí kó tó di 1990, àmọ́ ẹ lè wá orúkọ náà lójú òpó wọn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí: kí ẹ tó máa kó ìwé ilẹ̀ kiri, ẹ pe ìpàdé ẹbí. Ẹ kọ àkójọ gbogbo ìwé tó wà nínú àpótí, kí ẹni kan láti ọ̀dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ẹnì kan á gbọ́ pé wọ́n rí ẹ ní ọ́fíìsì ilẹ̀, á ní o fẹ́ ta ilé bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn mọ́.

ÌyáOníṣòwò

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ wo gbogbo ìwé tí ẹ ti kà sílẹ̀: ilẹ̀, iná, lẹ́tàhẹ́ẹ̀dì. Orúkọ bàbá ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Tí ọmọ yìí bá fi àwọn yẹn nìkan kọ ìtàn, ìyá á di "ìyàwó rẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́". Ẹ̀bá títì kọ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń yà sí irú hòtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n ń yà jẹ, wọn kì í sùn. Ó ṣeé ṣe kí ilé ìdáná máa pa owó ju yàrá lọ, kí owó ìyá sì jẹ́ èyí tó kan páànù orí ilé.

Ibi tí ẹ ti máa rí i rèé. Ẹ wá káàdì àjọ. Àpótí 31 ló máa ń wà lórí rẹ̀, ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ká sọ pé ṣílè méjì ló ń dá lójúmọ́: tó bá kún, ṣílè 60 ló máa kó, ìyẹn pọ́n-ùn mẹ́ta. Tí yàrá bá jẹ́ ṣílè 15 lóru, owó àjọ ìyá nìkan dọ́gba pẹ̀lú yàrá kan fún òru mẹ́rin. Ẹ gbé iye yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rìsíìtì bíríkì, símẹ́ǹtì, pákó àti páànù. Tí ọjọ́ tí wọ́n ra páànù bá tẹ̀lé ọjọ́ tí àjọ kún, ẹ ti rí nǹkan.

Ẹ wá ìwé gbèsè pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ dẹ́rẹ́bà tó jẹun láìsanwó, ìwé ìyá ni. Ó lè jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́n kọ, ọmọ ló ń bá a kọ ọ́. Ẹ wo bóyá ọwọ́ ìkọ̀wé ń yí padà lọ́dọọdún bí ọmọ kan ṣe ń lọ sílé ìwé gíga tí èyí tó tẹ̀lé e ń gbà á. Ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn á sọ fún yín ọmọ wo ló wà nílé lọ́dún wo.

Ẹ sì lọ sí Ọ̀fà. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é kó tó wọlé ọkọ. Tó bá jẹ́ ilé Onígbàgbọ́, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ní orúkọ òbí àti orúkọ ẹni tó dúró fún un. Ẹ mọ̀ pé 1954 ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn míṣọ́nnárì SIM di ECWA, kí ẹ má wá orúkọ ECWA lórí ìwé ọdún 1948. Ẹ béèrè bí ìyá ṣe bá ilé Mùsùlùmí pàdé, ẹ má ṣe fò ó nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni.

Ní ti ìfọ̀rọ̀wáni, ẹ kó àgbà lọ sí ilé náà tí ara rẹ̀ bá gbé e. Ẹ ti yàrá kìíní bẹ̀rẹ̀, ẹ máa bi í ní yàrá kọ̀ọ̀kan: ta ni wọ́n máa ń fún? Ibo ni ìyá ń sùn? Omi ta ló ń pọn ọ́n, láti ibo? Ta ni ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ibo ni wọ́n ń sá a sí? Iná wo ni wọ́n ń tàn tí ECN bá lọ? Ẹ ya àwòrán ilé náà sórí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ sí yàrá bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ẹ má wọ inú yàrá tí síílì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì rẹ̀ ti fọ́, ẹ má sì fọwọ́ kàn án, eruku rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá.

Wákàtí kan tó. Ẹ kọ́kọ́ dárúkọ ọjọ́, ibi àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ́kọ́dà. Ẹ pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, ohùn àgbà kì í ròkè.

AlfaÌlọrin

As-salāmu ʿalaykum. Níwọ̀n bí bàbá ti jẹ́ Mùsùlùmí, ohun méjì wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà.

Àkọ́kọ́, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọ̀pọ̀ alfa máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn Kùránì tàbí sínú tírà ilé ní lẹ́tà Lárúbáwá, Híjírà sì ni ọdún rẹ̀. Ẹ sọ ọdún Híjírà di púpọ̀ lọ́nà 0.97, kí ẹ fi 622 kún un. Ọdún 1390, bí àpẹẹrẹ, 1348 ó lé díẹ̀ ni yóò jẹ́, pẹ̀lú 622 ó di 1970. Ní tòótọ́, oṣù kẹta 1970 ni 1390 bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ 1971. Nítorí náà oṣù ṣe pàtàkì: ẹ má fi ọdún nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n kọ, ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ ni bí ilé ṣe ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ ìbí.

Ìkejì, ogún. Tí wọ́n bá pín ogún bàbá ní kóòtù ìbílẹ̀ ní ìlànà Islam, àkọsílẹ̀ pínpín náà máa ní orúkọ gbogbo ìyàwó àti ọmọ tó jogún. Ìyàwó tó bá jù ọ̀kan lọ á pín ìdá mẹ́jọ kan láàárín ara wọn níbi tí ọmọ bá wà, ọkùnrin á gba ìlọ́po méjì obìnrin nínú ìyókù. Tí ẹ bá rí iye owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà, ẹ lè ṣírò padà láti mọ iye ọmọ, bí ojú ìwé orúkọ tiẹ̀ ti ya. Tí wọ́n bá pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù Sharia ti Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìlọrin ni yóò ní fáìlì rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra síbi kan. Ọmọ tó kú ṣáájú bàbá kò ní sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ọmọ tirẹ̀ náà kì í sábà sí níbẹ̀ tí àwọn ọmọkùnrin bàbá bá wà láyé. Àkọsílẹ̀ ogún ni àwọn tó kù láyé, kì í ṣe odindi ìdílé.

Ẹlẹ́bíÈsìẹ́

Alfa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an ni mo ti fẹ́ mú un.

Orúkọ amútọ̀runwá ló máa ń fi ẹni tó sọnù hàn. Tí ẹ bá ní Ìdòwú nínú ìwé tí kò sí ìbejì ṣáájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn ìbejì ti kú, wọ́n sì ní àyè tiwọn. Tí Àlàbá bá wà láìsí Ìdòwú, ẹ béèrè. Babátúndé tàbí Yétúndé ń sọ pé àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí i, èyí á fún yín ní ọjọ́ tí ikú yẹn kò lè rékọjá. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi ìyá tó wà láyé léèrè nípa ọmọ tó kú. Tó bá dákẹ́, ẹ dákẹ́.

Orúkọ ẹni kan lè tó márùn-ún: orúkọ ìsọmọlórúkọ, oríkì àbísọ bí Àjàní tàbí Àṣàkẹ́, orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti ìrìbọmi, orúkọ ilé ìwé, àti ìnagijẹ lójú títì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ nọ́ḿbà kan ṣoṣo kí ẹ má baà sọ ẹni kan di mẹ́ta. Ohun tí mo máa ń gbà níyànjú: bàbá ni 1, àwọn ìyàwó ni A, B, C bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Ọmọ kẹta ìyàwó kejì á di 1B3, ọmọ tirẹ̀ àkọ́kọ́ 1B3.1. Báyìí ni ẹ ó ṣe mọ iyèkan yàtọ̀ sí ọbàkan ní wíwò kan.

"Bàbá" àti "ẹ̀gbọ́n" lẹ́nu àgbà kò ní ìwọ̀n. Ẹ béèrè síwájú sí i: "Ìyá wo ló bí wọn?" Àwọn ìyàwó ilé náà kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n bá nílé. Wọ́n á ní Akọ̀wé, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀, Opéléńgẹ́. Ọmọ bíbí ilé nìkan ló lè sọ orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún yín.

Ẹ gba oríkì orílẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ ní ohùn. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" tí wọ́n bá ń kì ọmọ bàbá Ìgbómìnà, ẹ ti mọ ẹ̀gbẹ́ tó ti wá. Ẹ má ṣe kùnà láti béèrè orúkọ agbo ilé, orúkọ ìlú nìkan kò tó.

ÀgbàAkọ̀wé

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ má ná owó ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Kàdúná ni àkọsílẹ̀ ìgbà òyìnbó ti ẹkùn Ìlọrin wà, ní ilé àkójọ ìwé àpapọ̀, lábẹ́ "Ilorprof" (ìwé ẹkùn Ìlọrin) àti SNP (ìwé ọ́fíìsì àgbà ìjọba Àríwá). Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti lẹ́tà tó sọ ohun tí ẹ ń wá dání. Ẹ kọ nọ́ḿbà fáìlì láti inú katalọ́ọ̀gù kí ẹ tó béèrè, ẹ sì gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ lo sípẹ́lì àtijọ́: "Ajasse Po", "Offa", "Omu Aran" ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹ má retí orúkọ bàbá yín níbẹ̀. Owó orí, ààlà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ oyè, ìwé ẹ̀bẹ̀ àti títì ni ẹ máa rí, èyí tó máa sọ ìdí tí ẹni kan fi lè kọ́ ilé síbẹ̀.

Fún ọdún 1973 síwájú, ẹ wá ìwé ìròyìn The Herald tí ìjọba Kwara dá sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ojú ewé ìpolówó àti ti ìkéde òkú ni kí ẹ dojú kọ.

ỌmọÌpo

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an o, ẹ̀yin àgbà. Ẹbí ti fọwọ́ sí àkójọ ìwé, a sì ti tú àpótí.

Àdéhùn ilẹ̀ jẹ́ ti 1966. Rìsíìtì páànù jẹ́ ti oṣù kẹjọ 1971. Rìsíìtì yàrá nọ́ḿbà 1 jẹ́ ti oṣù kọkànlá 1971, ṣílè 15. Àgbà àkọ́kọ́ ní ìpìlẹ̀ lòun ń sọ. Èkejì ní ọjọ́ tí àlejò kìíní sùn. Káàdì àjọ ìyá méjì wà níbẹ̀, ti oṣù keje 1971 sì kún.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ìwé rìsíìtì kan ní òpó £, s àti d (pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́ńsì), àmọ́ ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni 14/2/73, náírà sì ti dé nígbà yẹn. Ṣé ọjọ́ ni wọ́n kọ ṣì ni? Ìkejì, ṣé a lè tẹ ìwé orúkọ àlejò sínú ìtàn náà?

ÀgbàAkọ̀wé

Ọjọ́ náà lè tọ̀nà. Wọ́n ti sanwó ìtẹ̀wé, ìwé kò sì tíì tán, wọ́n á máa lò ó lọ. Ẹ wo iye tó wà nínú òpó. Pẹ́ńsì kì í kọjá 11, ṣílè kì í kọjá 19. Tí ẹ bá rí 50 tàbí 75 nínú òpó tó kẹ́yìn, kọ́bọ̀ ni. Tí ẹ bá rí "1" ní òpó kìíní àti "50" ní òpó ìkẹyìn, náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ ni, ìyẹn ṣílè 15 gan-an. Owó yàrá kò tíì yí padà nìyẹn.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn báyìí: ilẹ̀, 1966, ìpìlẹ̀, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu àgbà kìíní, páànù, 1971, àlejò kìíní, oṣù kọkànlá 1971. Ẹ fi hàn èyí tó ti inú ìwé wá àti èyí tó ti ẹnu wá. Ti àjọ, ẹ kọ pé ó kún ní oṣù tó ṣáájú rírà páànù. Ẹ má kọ pé owó rẹ̀ ló ra páànù àfi tí àgbà kan bá sọ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi í sí i lẹ́nu.

Lọ́yàTáńkẹ̀

Ìwé orúkọ àlejò: ẹ má tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn tó sùn síbẹ̀ lè wà láyé, ẹni tí wọ́n bá wá lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí ilé wọn mọ̀. Ohun tó wúlò fún ìtàn yín nínú rẹ̀ kò nílò orúkọ. Ẹ ka ìlú tí wọ́n ti wá àti ibi tí wọ́n ń lọ lóṣooṣù: mélòó ń lọ Ọ̀fà, mélòó ń gba Òmù-Àràn lọ Kàbbà, mélòó ń bọ̀ láti Jẹ́bà. Ẹ gbé iye náà sí tábìlì kan. Ẹ máa rí oṣù tí ìkórè wà, oṣù ọdún, àti ìgbà tí títì bàjẹ́ tí mọ́tò fi ń gba ibòmíràn. Ìwé fúnra rẹ̀, kí olórí ẹbí tì í mọ́nú.

ÌyáOníṣòwò

Kí ẹ tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, ẹ tẹ ẹ̀dà kan ní lẹ́tà ńlá, 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kà á sókè fún àgbà méjèèjì, nísinsìnyí ẹ lè kó wọn jókòó pọ̀. Ẹ tan rẹ́kọ́dà. Orí ọ̀rọ̀ ìyá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, kí ó má baà jẹ́ pé ó ti rẹ̀ wọ́n kí ẹ tó dé ibẹ̀.

ỌmọÌpo

Ẹ ṣé, mà. Lẹ́yìn Ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa kà á fún wọn ní Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ọ̀fà ti ní òun á mú fọ́tò ìgbéyàwó ìyá wá, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí rí. A máa ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.